Ẹ̀rọ Tó Ń Retí Kí Wọ́n Bi Òun Léèrè

Ẹni tó bá ti jókòó tì mí rí níbi iṣẹ́ mọ̀ pé ariwo mi pọ̀. Tí nǹkan bá yà mí lẹ́nu, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ra. Mo máa ń pàtẹ́wọ́, mo máa ń pe Ọlọ́run, nígbà míì mo máa ń dìde yí àga mi po lẹ́ẹ̀kan kí n tó tún jókòó. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn ará ilé máa ń bi mí pé kí ló yà mí lẹ́nu jù láti ìgbà tí mo ti dé Houston. Wọ́n ń retí kí n dárúkọ freeway, níbi tí afárá ti gun orí afárá, tí òmíràn tún gun ìyẹn lórí, tàbí ọkọ̀ gàgàrà tí ẹnì kan ṣoṣo ń wà lọ ra búrẹ́dì. Lóòótọ́ ni, mo wo ìwọ̀nyẹn títí ọrùn fi dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Chip dúdú kékeré kan ni, ẹsẹ̀ tín-ín-rín yí i ká, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa sọ ẹni tó jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ibi tí mo ti kọ́ ọ ní àkọ́jù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ilé Bọ̀dá Gbéńga ní Fulshear, lẹ́bàá Houston, ni mo kọ́kọ́ dé sí. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, wọ́n wá kàwé síbí nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì padà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí n nasẹ̀ díẹ̀. Oòrùn August ń jó mi látàrí bí ẹni pé ó tẹ̀lé mi wá láti ilé. N ò rí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó jókòó síta, kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀, ajá gan-an inú ilé ló wà. Gbogbo ilé ló sì jọra: bíríkì kan náà, gáréèjì kan náà, igi kékeré kan náà níwájú ilé tí wọ́n fi okùn dè kó má baà ṣubú. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, mo ti sọnù.

Mo kan ilẹ̀kùn kan tí mo rò pé tiwọn ni. Ilẹ̀kùn ló dá mi lóhùn. Mo ní ilẹ̀kùn! Ohùn obìnrin kan jáde láti inú bọ́tìnnì lára ògiri, ó ní, "Hello?" Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo tẹ̀ ba níwájú bọ́tìnnì, mo ní, "Good morning, ma." Mo wá dúró. Bí bàbá mi ṣe kọ́ wa nìyẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Tí o bá lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà, wàá kí wọn, wàá sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, wàá wá dákẹ́. Tí wọ́n bá ṣetán láti gbọ́ ọ, wọ́n á ní, "Ó dáa, kí ló dé?" Ìgbà yẹn lo tó lè la ẹnu. Mo dúró de "kí ló dé" lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn títí òógùn fi wọ̀ mí lójú. Bọ́tìnnì ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ò ra nǹkan kan.

Bọ̀dá Gbéńga ló gbé ọkọ̀ wá mi kiri. Nígbà tí mo ròyìn fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"O kí ilẹ̀kùn?"

"Mo kí i, sà."

"Gbọ́, àbúrò. Níbí, tí o bá ti kí ènìyàn tán, sọ ohun tí o bá wá lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. N ò gbọ́ nǹkan kan.

Iṣẹ́ tí mo rí kì í ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ni mo kọ́ ní Poly, mo sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbani síṣẹ́ wo ìwé mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé warehouse kan ní apá Spring, tí mo gba yàrá kan nínú apartment tí kò jìnnà síbẹ̀. Àpótí ni mo ń gbé. Àpótí páìpù, àpótí bóòtù, àpótí tí n ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi pé ó wúwo. Tó bá fi máa di Friday, bí arúgbó ni mo ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, màá kọ́kọ́ di ògiri mú, màá na ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbà.

Èyí tó tún burú ni ìdákẹ́jẹ́. Nílé wa, o ò lè wọlé kí ẹnì kan má kí ọ káàbọ̀, kódà kó jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń jà. Ní Spring, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá ṣílẹ̀kùn, màá ní, "Ẹ kú ilé o." Màá wọlé, màá tilẹ̀kùn, màá wá dá ara mi lóhùn pé, "Káàbọ̀, kú iṣẹ́." Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ṣe fún oṣù tó lé ní ogún nìyẹn.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ìyá mi, lẹ́yìn ìsìn, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní Ìkìrun, aládùúrà ni wọ́n pẹ̀lú, nǹkan méjèèjì ló sì wà nínú bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Ìyá mi kì í gbàdúrà lápapọ̀. Bí ẹni ń pe rẹ́jísítà ni wọ́n ṣe ń pe ẹ̀yà ara ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, wọn kì í fo ìkankan.

Oṣù kejì tí mo dé, wọ́n bi mí lórí fóònù bóyá mo ti ríṣẹ́.

"Mo ti rí, mà."

"Iṣẹ́ ẹnjiníà tí o kọ́ náà?"

Mo fẹ́ ní rárá. Mo ti la ẹnu. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn wọn, tí ẹnì kan ń ní, "Kí ló wí? Kí ló wí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Halelúyà tó dún nínú fóònù yẹn, mo gbé e jìnnà sétí. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ènìyàn ṣe máa gba halelúyà padà lọ́wọ́ ìyá mẹ́jọ?

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sunday, àdúrà ẹnjiníà ni wọ́n ń gbà fún mi. "Ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọn ò ní gbọ̀n. Ojú rẹ méjèèjì, wọn ò ní ṣi wáyà pupa mú fún dúdú. Iná ò ní gbé ọ." Èmi á dúró nínú yàrá mi, ọwọ́ lẹ́yìn ìbàdí, màá máa ṣe àmín. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan míì?" Màá ní, "Kò sí, mà." Mo máa ń rò ó pé tí wọ́n bá lè bi mí lọ́nà míì, tí wọ́n bá ní, "Irú iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe?", màá sọ òtítọ́. Wọn ò bi mí. Èmi náà dákẹ́.

Bọ̀dá Gbéńga ló rí Garrett fún mi. Òyìnbó àgbàlagbà kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí àwa mẹ́fà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Àpótí tó ń gbóòórùn gáàsì olóró ni wọ́n ń ṣe, fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ epo. Garrett wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń jó wáyà mọ́ chip, ó ní, "Oṣù mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Baytown tó fẹ́ dán àpótí tuntun wò. Tó bá ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, o ti di ẹnjiníà wa. Tí kò bá ṣiṣẹ́, n ò ní lè dá ọ dúró." Mo fi warehouse sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ padà, kí n padà, àpótí ò ní tán. Èyí ló ń lé mi sáré fún oṣù mẹ́ta.

Iṣẹ́ náà rèé. Ní Baytown, software kan wà tó ń ka gbogbo àpótí agbóòórùn. Ó ti pẹ́ púpọ̀, ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kàn án. Irú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni software yẹn mọ̀: ihò serial, ihò eléyín mẹ́sàn-án tó máa ń wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun ò ní in mọ́. USB nìkan ni wọ́n ní, ihò pẹlẹbẹ tí gbogbo wa fi ń gba iná sí fóònù. Chip inú àpótí mi ní láti gba ojú USB wọlé, kó wá mú kọ̀ǹpútà gbà pé ihò serial lòun. Kò ní eyín mẹ́sàn-án lára. Kò ní eyín kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún kọ̀ǹpútà nìkan ló ní.

Mo rò pé wáyà lásán ni USB. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún ronú bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí o bá ti ki nǹkan bọ inú ihò yẹn, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ta ni ọ́? Ilé wo lo ti wá? Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ọ̀nà mélòó lò ń gbà sọ̀rọ̀, báwo ni ẹnu rẹ ṣe fẹ̀ tó lẹ́ẹ̀kan? Chip gbọ́dọ̀ dáhùn bí wọ́n ṣe bi í, kò gbọdọ̀ pẹ́, kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà kan lé. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún mi pé òun ò mọ nǹkan tí mo kì bọ òun yìí. Mo ka ìdáhùn mi lọ, mo kà á bọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo rí i pé níbì kan tí chip ti ń sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó, mo ti fi ẹyọ kan dín.

Mo tún un ṣe, mo kì í bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà dún: tín-tìn. Mo wò ó, orúkọ tuntun ti yọ lójú rẹ̀: COM5. Ó ti fún chip mi ní nọ́ńbà, bí wọ́n ṣe ń fún àlejò ní yàrá! Mo kígbe. Mo pàtẹ́wọ́, mo yí àga po lẹ́ẹ̀mejì. Garrett sáré jáde, ó rò pé iná ti jó mi.

"Ó gbà á gbọ́!" ni mò ń wí. "Ó gbà á gbọ́!"

Ìyàlẹ́nu ò tíì tán. Software àtijọ́ yẹn máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe máa yára sọ̀rọ̀ tó. Á ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé ẹgbẹ̀ta ni ká máa bá a lọ." Lórí USB, nọ́ńbà yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. USB ní ìyára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n chip gbọ́dọ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, á ní ó dáa sà, á kọ ọ́ síbì kan, tí wọ́n bá tún bi í, á kà á jáde fún wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní ilẹ̀ òkèèrè, nínú chip tí kò tó èékánná, mo rí ẹni tó ń dá àgbàlagbà lóhùn bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà.

Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí lọ́jọ́ náà. Nítorí ìbéèrè kọ̀ǹpútà yẹn, mo ti gbọ́ wọn rí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ibi ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Sunday àkọ́kọ́ tí mo wọ ibẹ̀, bàbá kan nínú sùtánà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni ọ́? Ọmọ ìlú ibo ni ọ́? Kí lo lè ṣe? Mo ní mo lè tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà kí n lọ jókòó sídìí rẹ̀, láti ọjọ́ náà ìdí rẹ̀ ni mo wà. Ní ibòmíràn nílùú yìí, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni ibi tí mo ti gbé ohùn mi wá, tí mo bá dáhùn, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó ń fún mi ní nọ́ńbà. Mo jókòó síwájú COM5 lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì ń jowú chip.

Mo bi Garrett pé ṣé irọ́ kọ́ ni chip yìí ń pa. Mo ní chip ń sọ pé òun ni ihò serial, bẹ́ẹ̀ kò sí ihò serial kankan níbẹ̀.

Garrett fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní, "Ohun tó bá gbóòórùn, ṣé ó dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́?"

"Ó yẹ kó dé ibẹ̀."

"Tó bá ti dé ibẹ̀, kì í ṣe irọ́. Ìgbà tó bá gbóòórùn gáàsì tó sì dákẹ́, ìyẹn ni irọ́."

Ó padà sí yàrá rẹ̀. Ara mi ò balẹ̀ mọ́ títí a fi tilẹ̀kùn. Ìyá mi ni mò ń rò.

Ọjọ́ Thursday ni a lọ Baytown. Tí ẹ bá gorí afárá gíga tó kọjá lórí omi, ẹ máa rí gbogbo rẹ̀: páìpù lórí páìpù, ilé gogoro onírin, iná tó ń jó lórí ọ̀pá gíga lójú ọ̀sán gangan. Mo rò pé ìlú ni. Garrett ní ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Mo pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkọ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ló wà nídìí kọ̀ǹpútà tí software yẹn wà. Miss Loretta ni wọ́n ń pè é. Ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ti ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti sanra bí àpótí aṣọ. Mo kí i bí mo ṣe ń kí àwọn ìyá wa, ó wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo gbé àpótí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, imú àpótí wà níta lórí wáyà gígùn. Mo ki USB bọ̀ ọ́. Tín-tìn. Kọ̀ǹpútà gbà á, ó fún un ní nọ́ńbà. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Miss Loretta ṣí software rẹ̀. Àpótí àtijọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ṣì ní, tí wọ́n fi káàdì àtijọ́ kan so mọ́ kọ̀ǹpútà, ń to nọ́ńbà wọn sójú rẹ̀. Lórí ìlà kejìlá, tèmi, kò sí nǹkan kan. A dúró. Kò sí nǹkan kan. Garrett mú gáàsì ìdánwò inú agolo jáde, ó fọ́n ọn sí imú àpótí. Iná pupa orí àpótí tàn. Ó ti gbóòórùn! Ojú kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan.

Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ wo aago. Ó ní tó bá fi máa di agogo méjì tí kò bá sọ̀rọ̀, kí a máa gbé e lọ, ẹlòmíràn ń dúró níta tó fẹ́ ta tirẹ̀ fún wọn. Agogo kan ti fẹ́ lù. Garrett ò wò mí lójú. Ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí níbi tí àpótí warehouse ti máa ń dùn mí, láì gbé nǹkan kan.

Mo gbé laptop mi jáde, mo ki àpótí bọ̀ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ. Mo dá a padà sí ti Miss Loretta, ó yadi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin. Òógùn ń bọ́ lára mi nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí nǹkan míì.

"Baby," Miss Loretta wí, "ó ti kí kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ ọ tó dún. Kí ló dé tí kò bá mi sọ̀rọ̀?"

Ojú mi là. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣí kóòdù mi, mo wò ó, mo gbá orí ara mi. Àmì kan wà tí software lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní ihò serial, bí ẹni ń sọ pé, "Mo ti jókòó, máa sọ̀rọ̀." Software tí mo fi ń dán an wò lórí laptop mi máa ń fi àmì yẹn ránṣẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kí chip kí kọ̀ǹpútà, kó sọ ẹni tó jẹ́, kó wá dákẹ́ títí àmì yẹn yóò fi dé. Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, mo kàn rò pé bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe nìyẹn. Software Miss Loretta ò sì fi àmì kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

"Ó ń dúró kí ẹ bi í, mà," mo ní. "Ó kí yín, ó wá ń retí kí ẹ ní kó sọ̀rọ̀."

Miss Loretta yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta ló tọ́ àpótí yìí dàgbà?"

"Èmi ni, mà."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fọwọ́ tọ́ka síta, síbi tí iná ti ń jó lórí ọ̀pá. "Baby, àwọn ènìyàn wà lábẹ́ páìpù yẹn. Tí gáàsì bá jò, ṣé kó máa retí kí n kí i káàárọ̀ ni? Òun ló ń gbóòórùn. Èmi ò gbóòórùn. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Mo gbé laptop lọ sínú ọkọ̀ Garrett. Ìlà mẹ́ta ni kóòdù ìdúró yẹn. Mo pa á rẹ́. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí kò bá sẹ́ni tó gbọ́, kó má ṣe bínú, kó má sì dákẹ́, kó ju ti àná dànù, kó tún sọ èyí tó ń gbóòórùn nísinsìnyí. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò gbọ̀n. Mo rí i, mo sì mọ àdúrà ẹni tó wà lórí wọn.

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí mo padà wọlé. Mo kì í bọ̀ ọ́. Tín-tìn. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí wáyà, ìlà kejìlá ti kún: òdo, òdo, òdo, afẹ́fẹ́ mọ́ tónítóní. Garrett jáde lọ fọ́n gáàsì. Nọ́ńbà gòkè, ìlà náà di pupa, kọ̀ǹpútà han gooro, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yíjú. Ọlọ́run Ọba! Irun ọwọ́ mi dìde. Ohun tó kéré tó yẹn, tí kò ní eyín kan, tó gba ẹnu ọ̀nà tuntun wọlé sọ́dọ̀ software arúgbó, ló pariwo pé òun gbóòórùn ikú. N ò lè pàtẹ́wọ́. Mo kàn dúró.

"Ẹ ẹ̀n," ni Miss Loretta wí fún àpótí, ó fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. "Máa bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Garrett bọ̀ mí lọ́wọ́ nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí. Ó ní kí n wá tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ Monday. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo pe Ìkìrun.

"Ṣé kò sí o?" Ohùn ìyá mi ti ga. "Òní kì í ṣe Sunday."

"Kò sí láburú, mà. Mọ́mì, ẹ má tíì bi mí ní nǹkan kan. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Mo sọ ọ́. Mo ní òní yìí ni mo di ẹnjiníà, nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Mo ní láti ìgbà tí mo ti dé, àpótí ni mò ń gbé ní warehouse, mo kàn fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta yìí dán iṣẹ́ mi wò. Mo ní irọ́ ni mo pa fún wọn níwájú àwọn ìyá ìjọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má bínú.

Mo wo fóònù bóyá ó ti gé.

"Àpótí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fún bí ọdún méjì?"

"Ó dín díẹ̀, mà."

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?"

N ò retí ìyẹn. Mo ní ó máa ń dùn mí, pàápàá lọ́jọ́ Friday.

Wọ́n pòṣé, òṣé gígùn, irú èyí tí wọ́n máa ń pa fún ọmọ tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé tí kò yẹ. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ṣèèyàn! Ìka! Ojú! Gbogbo Sunday ni mò ń dààmú Ọlọ́run lórí ìka tí nǹkan kan ò ṣe. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ojú rẹ! Ẹ̀yìn ni mi ò bá ti máa bẹ̀ ẹ́ fún. Ẹ̀yìn! Ta ló wá ń gbàdúrà fún ẹ̀yìn ọmọ mi láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan, mà.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún díẹ̀, tí wọ́n fun imú. Ohùn tíṣà wá padà. "Dìde dúró."

"Mo wà ní ìdúró, mà."

"Bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ. Gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ibi tó ń dùn ọ́."

Mo bọ́ bàtà lórí kọnkéré Baytown tó ń jó ènìyàn lẹ́sẹ̀, mo gbé ọwọ́ lẹ́yìn ìbàdí. Garrett rí mi nínú díńgí ọkọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yíjú sí ibòmíràn. Ìyá mi ò gbàdúrà lápapọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tí mo wọ warehouse, wọ́n ń kó o wá lóṣooṣù, wọ́n ń pe egungun ẹ̀yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, wọ́n ń tọrọ àforíjì pé àwọn pẹ́ kí àwọn tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé oṣù kẹrin, wọ́n dúró.

"Àpótí oṣù yẹn," wọ́n ní, "ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo gan-an, mà."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bá a lọ.